Ìwé Tí Wọ́n Ti Àgádágodo Mọ́

Ẹ bi ọmọ yín tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba léèrè: láíbìrì yín dà? Ọ̀pọ̀ wọn yóò kàn máa wò yín ni. Àwọn mìíràn yóò ní ó wà, ṣùgbọ́n títì ló máa ń wà. Iṣẹ́ ọba gbé mi dé irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n wá kọ́kọ́rọ́ rí, àwọn àga tó ti kán àti páálí ìwé mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú la bá nínú yàrá náà. Ikán ti jẹ ìdí ọ̀kan. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní bí ọmọ bá fa ìwé ya, òun ni wọn yóò bi. N kò lè bá a wí púpọ̀. Kò sí ẹni tí ìjọba gbà síṣẹ́ láti máa tọ́jú ìwé níbẹ̀.

Kì í ṣe pé a kò ní òfin o. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ọ̀ranyàn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2004 ka ohun tó yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, kíláàsì, àga òun tábìlì, àti oúnjẹ ọ̀sán. Ìwé ló ṣáájú. Òfin kan náà ní òbí tí kò bá rán ọmọ lọ sílé-ẹ̀kọ́ yóò gba ìbáwí lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Ìjọba tó gba ọmọ náà, tí kò fún un ní ìwé kà ńkọ́? Àfi bí ẹni pé òbí nìkan ló lè dẹ́ṣẹ̀. Ní 2022, àjọ UNICEF sọ pé mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin ní Nàìjíríà, láti ọmọ ọdún 7 sí 14, ni kò lè ka gbólóhùn kékeré tàbí ṣe ìṣirò tó rọrùn.

Ẹni tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ọba bíi tèmi mọ̀ pé ohun tí kò ní ìlà tirẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, àjẹkù ló ń dúró dè. Bí wọ́n bá kọ́ kíláàsì tuntun, wọn yóò gé ríbọ́ọ̀nù, wọn yóò ya fọ́tò. Ta ní í gé ríbọ́ọ̀nù fún ìwé àlọ́?

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣòfin lórí ẹ̀kọ́. Kí òfin náà dárúkọ iye owó tí yóò máa lọ sórí ìwé kíkà lọ́dọọdún. Kí wọ́n gba olùtọ́jú ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan fún ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta. Kí ìwé Yorùbá wà níbẹ̀, kí ọmọ sì lè mú ìwé lọ sílé láìsí ìbẹ̀rù ìtanràn. Ìwé tó ya lọ́wọ́ ọmọ tó ń kà á sàn ju èyí tí ikán jẹ lọ.

Àwọn kan ní fóònù ti gba ipò ìwé. Fóònù ta ni? Ọmọ ìyá ẹlẹ́pà, dátà mélòó ni yóò rà?

Àwa náà jẹ̀bi. A ń dá owó ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì láìkùn. Pọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀wọ̀n, ó ránṣẹ́ sí Tímótì pé kó mú aṣọ òtútù òun bọ̀, àti àwọn ìwé. Ẹlẹ́wọ̀n ń béèrè ìwé. Àwa tí a wà lómìnira kò béèrè fún ọmọ wa.

Aṣòfin ẹkùn yín ní ọ́fíìsì nílé. Ẹ lọ bá wọn níbẹ̀ kí ìbò mìíràn tó dé. Ẹ mú ọmọ yín dání, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn láíbìrì wọn.