Fíìmù Hollywood Àtijọ́: Ohun Tí Ojú Wa Rí

Ẹ̀yin ọmọ Odùduwà ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ sọ síta, kí wọ́n má baà pè wá ní ará oko. Ọ̀rọ̀ náà ni pé púpọ̀ nínú àwọn fíìmù Hollywood àtijọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń gbé gẹ̀gẹ̀, ṣe ni wọ́n máa ń mú kí oorun kùn wá. Ṣùgbọ́n àwa gbà pé ẹni tó bá jókòó wo fíìmù dé òpin ní ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ìbáà jẹ́ fíìmù tó ju baba rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí.

Ẹ wo Citizen Kane, tó jáde ní 1941. Orson Welles tó darí rẹ̀ kò ju ọmọ ọdún 25 lọ nígbà tó ń ṣe é, ẹgbẹ́ àwọn kan nínú wa tó wà ní ọdún ìparí. Ìwé ìròyìn Sight and Sound ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń bi àwọn lámèyítọ́ léèrè ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá pé fíìmù wo ló dára jù lọ. Láti 1962 títí kan 2002, òun náà ni wọ́n ń mú. A gbà pé ọwọ́ tó mú kámẹ́rà níbẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ ọmọdé. Síbẹ̀, láti ìgbà tí Kane ti kú ní ìbẹ̀rẹ̀ títí tí a fi mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ túmọ̀ sí, àánú rẹ̀ kò ṣe wá. Ọbẹ̀ tó ní gbogbo èròjà tí wọ́n gbàgbé iyọ̀ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sọ pé gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. 12 Angry Men (1957), tí Sidney Lumet darí, kò ní ìbọn, kò ní ijó, yàrá kan ṣoṣo ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin méjìlá ni wọ́n tì mọ́bẹ̀ nínú ooru kí wọ́n pinnu bóyá ọmọkùnrin kan ló gún baba rẹ̀ pa. Mọ́kànlá ní ó jẹ̀bi; ẹnì kan, tí Henry Fonda ṣe, ní kí wọ́n kọ́kọ́ jíròrò ná. Ẹni tó bá ti jókòó sí ìpàdé mọ̀lẹ́bí rí yóò dá gbogbo wọn mọ̀: ẹni tó ń pariwo nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọ tirẹ̀ ló ń dùn ún, ẹni tó ń kánjú nítorí eré bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń tẹ̀lé ibi tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí. Kò sí obìnrin kan láàrin wọn, kò sì sí ènìyàn dúdú kan. Èyí kọ wá lóminú, ṣùgbọ́n a kò lè gbójú kúrò.

Gone with the Wind (1939) ló fa àríyànjiyàn jù láàrin wa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́rin. Aṣọ inú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àwọn ẹrú inú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé oko ẹrú dùn ún gbé. Lóòótọ́, Brazil àti Cuba ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn wa lọ, kì í ṣe Georgia tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀wọ̀n kan náà ni. Hattie McDaniel tó ṣe Mammy kò lè dé ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní Atlanta ní December 1939, nítorí òfin tó ya funfun kúrò lára dúdú. Ní oṣù kejì 1940, òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar, tábìlì ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n fi í sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ gbé fíìmù náà ró ni o!

Ní 2020, HBO Max yọ fíìmù yìí kúrò fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì dá a padà pẹ̀lú àlàyé níwájú rẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní wọn ì bá má dá a padà rárá. Àwa tó pọ̀ jù kò gbà. Bí a bá jù ú nù, a ó ju Hattie McDaniel nù pẹ̀lú rẹ̀, àwọn tó ya tábìlì rẹ̀ sọ́tọ̀ ni yóò sì jèrè. Kí a wò ó, kí a sì pe irọ́ inú rẹ̀ ní irọ́.

Casablanca (1942) dùn, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n California ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù ìlú Morocco yìí, àwọn ará Morocco inú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju aṣọ́nà àti ọlọ́jà lọ. Dooley Wilson tó ṣe Sam atẹdùùrù kò tilẹ̀ mọ dùùrù tẹ̀, onílù ni.

Ọmọ tiwa náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Orlando Martins, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1899, bá Ronald Reagan, tó wá di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1981, ṣeré nínú The Hasty Heart (1949), fíìmù tí wọ́n yà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Warner Bros. sì lọ́wọ́ sí. Ó ṣe Blossom, ọmọ ogun Áfíríkà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Wọn kò fún un ní gbólóhùn, ojú ló fi ń sọ̀rọ̀.

Bí ìgbìmọ̀ àṣà ẹgbẹ́ wa bá ń wá fíìmù òkèèrè tí wọn yóò fi hàn wá ní sáà yìí, 12 Angry Men ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí The Hasty Heart tẹ̀lé e. Citizen Kane lè dúró dìgbà tí ìdánwò bá parí, tí ẹni tó bá fẹ́ sùn yóò ráyè sùn.