Ìkànnì Ìlú Wa, Ta Ló Ń Sanwó Ilé Rẹ̀?

Ẹni tó bá jókòó sí Ìkẹ́rẹ́ ní Èkìtì lónìí, tó tẹ orúkọ Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, sórí fóònù rẹ̀, kò ní pẹ́ rí ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba ìlú náà. Ìkànnì British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni yóò ti rí i. Ó lè fẹ àwòrán náà títí yóò fi rí Ògògà tó gúnwà, tí olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, àti òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tí àwọn alárù rù bọ̀ ní apá kejì. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924, kò sì padà wálé mọ́. Àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Ògògà gbà dípò rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn fún ààfin. Òpó kan láti ààfin yẹn kan náà wà ní Art Institute ní Chicago. Ìkànnì tiwọn náà gbé àwòrán rẹ̀ jáde.

Àwọn tó ni ìkànnì méjèèjì ń sanwó kí àwòrán wọ̀nyẹn má baà parẹ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni èyí tí Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré fúnra wọn ń sanwó lé lórí. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní gúúsù Èkìtì, orí Facebook àti WhatsApp ni wọ́n kó ìròyìn, àwòrán ọdún àti oríkì sí. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì rọrùn. Àmọ́ ohun ọ̀fẹ́ lè parẹ́: Yahoo ló ni GeoCities, níbi tí àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn ti ń kọ ojú ìwé tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009, ó tì í pa. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò da tirẹ̀ kọ síbòmíràn kó tó dìgbà náà pàdánù rẹ̀.

Ìkànnì kì í gbé inú afẹ́fẹ́. Fáìlì ni: ọ̀rọ̀, àwòrán, fídíò. Orí kọ̀ǹpútà kan tí wọn kì í pa ló máa ń wà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sẹ́fà. Bí ọmọ Èmùré kan bá tẹ orúkọ ìkànnì sórí fóònù, fóònù náà á kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà sẹ́fà tí orúkọ yẹn dúró fún. Ìbéèrè náà á gba òpó MTN tàbí Airtel kọjá lọ sí Èkó, ó sì lè gba inú wáyà abẹ́ òkun dé Yúróòpù. Sẹ́fà á kó fáìlì ránṣẹ́, ojú ìwé á ṣí. Kí ilé iṣẹ́ kan gbà kí fáìlì ẹni máa gbé orí sẹ́fà tirẹ̀, kí èèyàn máa sanwó fún un lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún, òun ni wọ́n ń pè ní hosting.

Nígbà tí Tim Berners-Lee dá sẹ́fà ìkànnì àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní CERN ní Switzerland, ó lẹ ìwé mọ́ kọ̀ǹpútà náà lára pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á. Ìkìlọ̀ yẹn nìkan ti tó láti jẹ́ kó yé èèyàn ìdí tí kò fi bọ́gbọ́n mu láti gbé sẹ́fà sí gbọ̀ngàn ìlú ní Ìsẹ̀, níbi tí iná ìjọba ti lè lọ nígbàkigbà. Ilé tí wọ́n kọ́ fún un ló yẹ ẹ́, irú èyí tí Rack Centre ní ní Òrégùn ní Èkó tàbí èyí tí MainOne ṣí sí Lẹ́kí ní 2015: jẹnẹrétọ̀ tó lé ní ẹyọ kan, ẹ̀rọ amúlétutù tí kì í sinmi, ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Nínú oríṣi hosting tó wà, shared hosting ni owó rẹ̀ kéré jù. Sẹ́fà kan ṣoṣo, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìkànnì lórí rẹ̀, bí ìgbà tí ayálégbé pọ̀ nínú ilé fẹ́sì-mí-n-fẹ́sì-ẹ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gba èrò lójijì, ìyókù á máa fà. Fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Owó ọdún kan rẹ̀ kì í sábà tó owó kánópì àti àga tí ẹgbẹ́ ń háyà fún ìpàdé ọlọ́dọọdún.

Ohun tó yẹ yunifásítì yàtọ̀. Ní 2020 ni ìjọba Èkìtì sọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Ìkẹ́rẹ́ di yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ Bámidélé Olúmilúà. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló máa kọlu ìkànnì rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Oríṣi hosting tó ń jẹ́ VPS á fún un ní ìpín tirẹ̀ nínú sẹ́fà, tí ẹlòmíràn kò lè fọwọ́ kàn. Cloud á jẹ́ kó fẹ̀ lọ́sẹ̀ ìgbaniwọlé, kó sì sún kì lẹ́yìn rẹ̀; iye tó bá lò ni yóò san. Dedicated, tí gbogbo sẹ́fà jẹ́ ti oníbàárà kan, báńkì ló sábà máa ń nílò rẹ̀. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá sì pa orúkọ dà, kó máa san owó orúkọ ìkànnì àtijọ́ lọ. Bí kò bá san án, gbogbo ìwé tó ti tọ́ka sí i kò ní ríbi já sí mọ́, ẹlòmíràn sì lè gba orúkọ náà.

Orúkọ yìí gan-an ni ìjà wà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́ ni pé ẹgbẹ́ á gbé iṣẹ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ kọ̀ǹpútà, òun á fi ímeèlì ara rẹ̀ ra orúkọ àti hosting. Ó rí iṣẹ́ sí Kánádà, ó lọ. Lẹ́yìn ọdún kan, owó tán, lẹ́tà ìránnilétí ń lọ sí ímeèlì tí ẹnikẹ́ni kò rí nílé. Àìṣedéédéé yìí ló yẹ kó ká àwọn olóyè ẹgbẹ́ lára ju irú sẹ́fà tí wọ́n lò lọ.

Ibi tí sẹ́fà wà náà ní ìtumọ̀. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó ₦500 lójú báńkì. Ní 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Ẹni tó ń fi dọ́là san hosting mọ bó ṣe dùn ún tó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin gé nítòsí Abidjan, àwọn báńkì ní Nàìjíríà sì ń pariwo. Ìkànnì tó wà ní Èkó tí ọmọ Èkó ń ṣí kò nílò wáyà yẹn. Síbẹ̀, kò síbi tí ewu kì í dé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021, iná jó ilé sẹ́fà OVH kan ráúráú ní Strasbourg nílẹ̀ Faransé. Àwọn oníbàárà kan tí ẹ̀dà iṣẹ́ wọn wà nínú ọgbà kan náà kò rí nǹkan kan kó jáde.

Fún Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò pọ̀. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan gba orúkọ tó parí sí .ng, èyí tí àjọ NiRA ń bójú tó, lórúkọ ẹgbẹ́, kì í ṣe lórúkọ akọ̀wé. Kí èèyàn mẹ́ta mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Shared hosting ní Èkó, tí wọ́n ń fi náírà san, tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n gba ohùn àwọn àgbà tó mọ ìtàn òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ àti iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n gbé e síbẹ̀, kí ẹ̀dà kan sì wà nínú háàdì dísìkì ní ilé ìkàwé yunifásítì ní Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n á máa tún kọ lóṣooṣù.