Òṣùwọ̀n Igi Ìdáná: Kí Ọ̀rọ̀ Ẹnu Òǹtajà àti Igi Ilẹ̀ Rẹ̀ Bára Mu

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú àwọn tí kì í dáná. Ọ̀rọ̀ igi ìdáná ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá rò bẹ́ẹ̀ bi àwọn obìnrin tí ń yan gàrí ní Ẹdẹ àti àwọn abúlé tí ó yí i ká, kí ó bi àwọn tí ń se epo pupa, kí ó bi àwọn alásè tí ń gbọ́ oúnjẹ ìnáwó. Wọn yóò sọ fún un pé igi wà lára ohun tí ń jẹ èrè wọn. Nígbà tí owó gáàsì bá sì gbówó lórí, àwọn tí wọ́n ti gbàgbé ààrò a tún padà sídìí rẹ̀. Ìlú Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ iná. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

Báwo ni a ṣe ń ta igi láàárín wa? Ìdì kan, ẹrù kan, òkìtì kan, ọkọ̀ kan. Orúkọ ni gbogbo ìwọ̀nyí, wọn kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ìdì ti àná lè ju ìdì ti òní lọ, nítorí pé okùn tí a fi dì wọ́n kò gùn bákan náà. Ọkọ̀ kan kún dé ẹnu pákó, òmíràn kún kọjá orí awakọ̀, síbẹ̀ “ọkọ̀ kan” ni a pe àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó san owó ọkọ̀ kan kò tíì mọ iye igi tí òun rà.

A kò sọ pé gbogbo àwọn tí ń ta igi ni oníjìbìtì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọlúwàbí. Ṣùgbọ́n níbi tí òṣùwọ̀n kò bá ti sí, olóòótọ́ kò ní ohun tí yóò fi hàn pé òun yàtọ̀ sí alábòsí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Bí òkìtì igi kan bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tí ẹ̀là igi kọ̀ọ̀kan sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4, àyè tí ó gbà jẹ́ ti àpótí 64, bí àpótí kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan ní gbogbo ìhà. Ṣùgbọ́n bí a bá gé ẹ̀là igi náà ní ẹsẹ̀ bàtà 3, àpótí 48 péré ni yóò jẹ́. Ẹni tí ó dúró níwájú òkìtì méjèèjì kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, bẹ́ẹ̀ ni ìdá kan nínú mẹ́rin ti lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní “ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, kí òǹrajà la ojú rẹ̀” kò tíì sọ òdodo tán. Ojú ń rí iwájú òkìtì, kì í rí inú rẹ̀. Bí a bá tún to igi náà ní ìdábùú orí ara wọn, afẹ́fẹ́ ni yóò kún àárín rẹ̀. Bí a bá sì fi ayin tí ó le to ẹ̀yìn, kí a fi igi fúyẹ́fúyẹ́ kún inú, ẹ̀tàn ni.

Ọ̀rọ̀ igi tútù tún wà níbẹ̀. Omi tí ó wà nínú igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè tó ìdajì ìwúwo rẹ̀. Ẹni tí ó bá rà á ní owó igi gbígbẹ ti ra omi, iná rẹ̀ yóò sì kọ́kọ́ fi agbára rẹ̀ gbẹ omi náà kí ó tó gbóná ìkòkò. Èéfín ibẹ̀, ojú àti àyà obìnrin tí ó jókòó ti agbada ni ó ń lọ. Nítorí èyí ni òṣùwọ̀n ìwúwo nìkan kò fi lè gbà wá: bí igi bá ṣe tutù tó ni yóò ṣe wúwo tó. Àyè tí igi gbà ni ó yẹ kí a wọ̀n, kí a sì sọ bí ó ti gbẹ tó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin àgbẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé láti oko yín ni púpọ̀ nínú igi náà ti ń wá. Ẹ̀yin ni ẹ mọ bí òṣùwọ̀n tí a yí ti ń dun ènìyàn tó. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ra irè oko ká ní ọdún 1986, àgbẹ̀ kòkó àti àwọn tí ń rà á ni wọ́n ń kojú ara wọn. Àgbẹ̀ tí inú rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tí ìwọ̀n oníkòkó kò sọ òtítọ́, kí ó má ṣe ohun kan náà sí obìnrin tí ń yan gàrí. Ohun tí a kò fẹ́ kí a ṣe sí wa, kí a má ṣe é sí ẹlòmíràn.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti rí ìṣòro yìí kí ó tó kàn wá. Nígbà tí àwọn ará Faransé gbé ètò òṣùwọ̀n tuntun kalẹ̀ ní ọdún 1795, wọ́n ya orúkọ kan sọ́tọ̀ fún igi ìdáná: sítẹ́ẹ̀rì, èyí tí ó jẹ́ mítà kan ní òró, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní gíga. Ní Amẹ́ríkà, kọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pe tiwọn. Ẹsẹ̀ bàtà 8 ni gígùn rẹ̀, 4 ni ìbú, 4 ni gíga, igi inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà ní títò ṣọ̀kan, kí ó fún mọ́ra.

Àwa náà kò ṣàìní òfin. Òfin Òṣùwọ̀n ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1974, Òfin Ìdíje àti Ààbò Òǹrajà ti ọdún 2018 sì tẹ̀ lé e. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, ó sì fi ètò ọjà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ́fin kò lè dúró ti gbogbo òkìtì igi. Ọwọ́ ara wa ni a ó fi tún ìwà ara wa ṣe.

Ohun tí a dá lábàá rè é. Kí gbogbo ibi tí a ti ń ta igi ní Ẹdẹ ní ọ̀pá kan tí ó jẹ́ mítà kan gééré, kí ó wà níta, kí òǹrajà lè fi wọ̀n igi fúnra rẹ̀. Kí ẹni tí ń tà sọ nǹkan mẹ́rin kí a tó dúnàádúrà: bí òkìtì ti gùn tí ó sì ga tó, bí ẹ̀là igi ti gùn tó, irú igi tí ó jẹ́, àti bóyá ó gbẹ tàbí ó tutù. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ẹdẹ àti ti Gúúsù Ẹdẹ, pẹ̀lú àwọn olórí ọjà, fi ọwọ́ sí i.

Òǹrajà pẹ̀lú ní ojúṣe tirẹ̀. Ẹni tí ń ta igi ti fi àáké tàbí ẹ̀rọ gé e, ó ti là á, ó ti rù ú, ó ti san owó ọkọ̀. Kò tọ́ kí a fi ènì fa igi márùn-ún yọ lẹ́yìn tí a ti jọ fohùn ṣọ̀kan. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, kí òǹtajà fi owó lé e ní gbangba. Owó ni kí a máa ná, kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Àwọn àgbà ti sọ fún wa pé igi wọ́rọ́kọ́ ni í da iná rú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òṣùwọ̀n wọ́rọ́kọ́ ṣe ń da ọjà rú. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. A kò lè máa bèèrè òdodo lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ìjọba lórí wa, kí a má ní i nídìí òkìtì igi tiwa.