Lọ́yà Ọ̀fẹ́ Kì í Ṣe Lọ́yà Yẹpẹrẹ

Ẹ̀yin ará Ladi-Lak, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Bàríga àti Ṣómólú, títí dé etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, èrò kan ti gbilẹ̀ láàrin wa tó ń ti àwọn ọmọ wa mọ́ ẹ̀wọ̀n. Èrò náà ni pé lọ́yà tí ìjọba bá yàn fún èèyàn kì í ṣe lọ́yà gidi. Wọ́n á ní: "Ìjọba ló ń san owó oṣù ọlọ́pàá, òun ló ń san ti adájọ́, òun náà ló tún ń san ti lọ́yà tó ní òun fẹ́ gbà ọ́ sílẹ̀. Ṣé wọn ò ti jọ parí ẹ̀ nílé ni?" Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, wọ́n á lọ yáwó lọ́wọ́ alájọ, wọ́n á ta ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá, wọ́n á kó owó náà fún ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ pàdé lẹ́nu géètì kóòtù. Mo kọ ìwé yìí láti sọ fún yín pé irọ́ ni èrò yẹn, irọ́ tó sì ń pani lára ni.

Ní ọdún 2000, nígbà tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà Èkó, tí Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò sì jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ìdájọ́, ni ìpínlẹ̀ yìí dá ọ́fíìsì tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí OPD (Office of the Public Defender) sílẹ̀, kí ẹni tí kò lówó lọ́yà lè rí agbẹjọ́rò. Ìjọba àpapọ̀ ti ní tirẹ̀ ṣáájú, ìyẹn Legal Aid Council tí òfin ọdún 1976 gbé kalẹ̀. Àwọn lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì méjèèjì ka ìwé òfin ní yunifásítì, wọ́n lọ sí Law School, wọ́n sì pè wọ́n wọ ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò bí wọ́n ṣe pe ẹni tó ń gba mílíọ̀nù lọ́wọ́ olówó. Kò sí aṣọ kóòtù tó wà fún lọ́yà ọ̀fẹ́ nìkan.

Ẹ jẹ́ ká wá dojú kọ ọ̀rọ̀ owó oṣù yẹn gan-an. Dókítà tó ń tọ́jú yín ní Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò Ṣómólú, ta ló ń sanwó fún un? Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ti sọ rí pé ìjọba ló gbé e síbẹ̀ kó wá pa òun? Òfin iṣẹ́ lọ́yà kò bìkítà ẹni tó sanwó. Ọ̀rọ̀ tí olùjẹ́jọ́ bá sọ fún agbẹjọ́rò rẹ̀, àṣírí ni, ìjọba kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Lọ́yà tó bá da oníbàárà rẹ̀, ìgbìmọ̀ ìbáwí wà tó lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbà pé kò dára kí OPD àti DPP, ọ́fíìsì tó ń bá ìjọba pẹjọ́ ọ̀daràn, wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ kan náà. Ó yẹ kí wọ́n ya OPD sọ́tọ̀ pátápátá, mo sì fẹ́ ká máa pariwo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká pariwo kí wọ́n tún un ṣe yàtọ̀ sí ká kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ọlọ́pàá bá ń sọ tiẹ̀ ní kóòtù, tí ọmọ yín sì dúró láìsí agbẹnusọ nítorí pé ẹ ò gbẹ́kẹ̀ lé ti ọ̀fẹ́, ẹjọ́ ẹnìkan nìyẹn.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tí lọ́yà ọ̀fẹ́ lè ṣe. Ní 1961, ní Florida ní Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ̀sùn kan ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Clarence Earl Gideon pé ó fọ́ ilé tí wọ́n ti ń ta bíà, ó sì jí owó níbẹ̀. Kò ní kọ́bọ̀. Ó ní kí kóòtù fún òun ní lọ́yà, adájọ́ ní òfin ibẹ̀ kò fàyè gba bẹ́ẹ̀. Ó gbèjà ara rẹ̀ bó ṣe mọ̀, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Inú ẹ̀wọ̀n ló ti fi pẹ́ńsù kọ̀wé sí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, ní 1963 wọ́n sì dájọ́ pé dandan ni kí ìjọba pèsè lọ́yà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́. Adájọ́ kan náà ni, ẹ̀sùn kan náà ni, ẹni tó jẹ́rìí mọ́ ọn lákọ̀ọ́kọ́ náà ló tún jẹ́rìí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé Fred Turner, lọ́yà tí kóòtù yàn fún un, wà níbẹ̀ tó ń fi ìbéèrè wá ẹlẹ́rìí yẹn lẹ́nu wò. Wọ́n dá Gideon sílẹ̀, kò sì san nǹkan kan.

Àwọn kan á ní ọmọdé ló kún OPD, àwọn agùnbánirọ̀ àtàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọdé pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wọn tó wà ní ọ́fíìsì lọ́yà aládàáni lè máa gbé báàgì tẹ̀lé ọ̀gá fún ìgbà pípẹ́ kó tó la ẹnu ní kóòtù. Lọ́yà OPD kì í pẹ́ dìde fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ń mọ bí májísíréètì kọ̀ọ̀kan ṣe ń ronú, àti irú oníduùró tí kóòtù máa gbà. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú kì í ṣe àìmọ̀ṣẹ́. Fáìlì ló pọ̀ jù wọ́n lọ, àwa náà sì ń pẹ́ jù ká tó pè wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Wọ́n mú ọmọkùnrin kan lálẹ́ nígbà tó ń bọ̀ láti ilé ìtẹ̀wé tó ti ń kọ́ṣẹ́ ní Ṣómólú. Àwọn ọmọ ìta ti jà ládùúgbò, ọlọ́pàá sì kó gbogbo ẹni tí wọ́n bá lójú títì. Kí là ń ṣe? Owó là ń wá. Ìyá á sáré, ẹ̀gbọ́n á sáré, wọ́n á máa bẹ IPO, ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, nídìí káńtà, níwájú ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Lásìkò tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ yẹn, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ náà sílẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń bá a kọ ọ́, òun kàn fọwọ́ sí i ni. Ìwé yẹn ni ẹjọ́. Bí wọ́n bá dé kóòtù lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí ọmọ ti wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìkòyí tó ń retí ìmọ̀ràn DPP, tí owó tán, ìgbà náà ni wọ́n á rántí OPD. Bí lọ́yà náà bá tiraka tí kò rọrùn, wọ́n á ní: "A ti sọ fún yín, ti ọ̀fẹ́ ni."

Òfin ti fún wa lágbára tí a kò lò. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 35, sọ pé ẹni tí wọ́n mú lè panu mọ́ títí yóò fi bá lọ́yà tàbí ẹni tó bá yàn sọ̀rọ̀. Abala yẹn náà ní, àfi tí ẹ̀sùn bá la ikú lọ, kí wọ́n gbé e dé kóòtù láàrin ọjọ́ kan tí kóòtù bá wà láàrin kìlómítà 40. Ta ló lè sọ pé láti Ladi-Lak dé Yábàá tàbí Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta tó bẹ́ẹ̀? Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti Èkó, ní abala 9, ní kí wọ́n ká ìjẹ́wọ́ sórí fídíò; bí kò bá sí fídíò, kí wọ́n kọ ọ́ lójú lọ́yà. Ẹ̀sùn pé èèyàn ń rìn gbéregbère sì ti di ohun tí òfin parẹ́ láti 1989. Lọ́yà tó bá dé àgọ́ ọlọ́pàá lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú ọmọ, yálà ẹ sanwó fún un tàbí ẹ ò san, òun ló lè fi àwọn òfin wọ̀nyí jà kí ìwé yẹn tó jáde.

Nítorí náà, ìyá tó bá gbọ́ pé wọ́n mú ọmọ òun, kó pe OPD kó tó pe alájọ. Kó sọ fún ọmọ náà pé kó má fọwọ́ sí nǹkan kan títí lọ́yà yóò fi dé.

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú àti ti Bàríga, ẹ̀yin náà lọ̀rọ̀ kàn. Ní nǹkan bí ọdún 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Oǹdó àti ìpínlẹ̀ mẹ́ta mìíràn, tí agùnbánirọ̀ tó jẹ́ lọ́yà ń lọ dúró ní àgọ́ ọlọ́pàá láti gba àwọn tí wọ́n mú nímọ̀ràn. Ẹ bá OPD sọ̀rọ̀ kí irú ẹ̀ wà níbí. Ẹ fún lọ́yà méjì ní yàrá kan ní sẹkitéríàtì yín, ẹ fún wọn ní mọ́tò tó máa gbé wọn dé àgọ́ lóru, kí ẹ sì ní káwọn atẹ̀wé wa ní Ṣómólú tẹ nọ́ńbà fóònù wọn, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà gbogbo ọjà.