Èèwọ̀ Tí Abẹ Fi Lé Mi Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: oúnjẹ tí à ń gbé síwájú ara wa níbi ọdún, níbi ìsọmọlórúkọ àti níbi ìnáwó gbogbo, àti ohun tí ojú ẹni tí kò lè jẹ púpọ̀ mọ́ ń rí láàárín wa.

Ní ọdún 2018, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní London, níbi tí mò ń gbé, kí n lè fọn. Kílò 131 ni mo wọ̀n nígbà náà. Ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá mi fà á, orúnkún mi kò sì fẹ́ gbé mi gun àtẹ̀gùn mọ́. Lónìí, kílò 84 ni mo wọ̀n. Mo ń sọ iye náà síta nítorí pé ọ̀pọ̀ tó ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ló ń fi í pamọ́, wọ́n sì ní ìdí. Ní àwùjọ tiwa, ẹni tó sanra la kà sí ẹni tí ayé yẹ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fọn lójijì, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àìsàn burúkú ti wọ̀ ọ́ lára.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe fún mi. Wọ́n ya òkè àpòlúkù mi sọ́tọ̀, wọ́n sọ ọ́ di àpò kékeré kan tí kò ju ẹyin adìyẹ lọ, wọ́n sì so ìfun mọ́ ọn. Nítorí náà, oúnjẹ tí mo bá jẹ kì í gba inú àpòlúkù tó kù kọjá mọ́, kì í sì í gba apá àkọ́kọ́ ìfun. Irú iṣẹ́ abẹ yìí ti pẹ́ díẹ̀: ọdún 1966 ni Edward Mason, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún àwọn tó sanra jù, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é sì ti yí padà púpọ̀ láti ìgbà náà. Irú mìíràn wà tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń gé apá tó pọ̀ jù nínú àpòlúkù sọnù. Wọ́n ń ṣe àwọn méjèèjì ní Nàìjíríà pẹ̀lú báyìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwa ará òkè òkun nìkan.

Iṣẹ́ dókítà kò gbà ju wákàtí díẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tèmi kò ní parí títí tí n ó fi padà sọ́dọ̀ àwọn baba mi. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ohun olómi nìkan ni mò ń fẹnu kàn, díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tọ́ àgbo wò. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, oúnjẹ tí a lọ̀ kúnná ló kàn. Gbẹ̀gìrì tí kò lépo púpọ̀ ló gbà mí là. Lẹ́yìn náà ni ọ̀ọ̀lẹ̀, ẹja àti ẹyin dé. Ó tó bí oṣù méjì kí n tó padà sídìí oúnjẹ tí gbogbo ilé ń jẹ, àwo tí mo sì fi ń jẹ ẹ́ kò ju àwo ọmọdé lọ.

Àwọn ìlànà tó wá bá mi dé ọjọ́ alẹ́ nìyí. Ẹja, ẹran, ẹyin tàbí ẹ̀wà ni n ó kọ́kọ́ jẹ kí n tó kan oúnjẹ mìíràn, kí purotéènì tí mò ń jẹ lóòjọ́ lè tó bí gíráàmù 60 sí 80. N ó rún oúnjẹ kúnná kí n tó gbé e mì. N kò gbọdọ̀ mu omi pẹ̀lú oúnjẹ. Ó di bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí mo bá jẹun tán. N kò gbọdọ̀ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí pé ṣúgà máa ń já lu ìfun mi lẹ́ẹ̀kan náà, òógùn á bò mí, àyà mi á máa lù kìkì, inú á sì yọ́ mi. N ó máa lo fítámì, kálísíọ́mù àti èròjà irin lójoojúmọ́, n ó máa gba abẹ́rẹ́ fítámì B12 ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, wọn ó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lọ́dọọdún. Kò sí ọjọ́ ìsinmi nínú rẹ̀.

Ẹ wo òfin pé kí n rún oúnjẹ kúnná dáadáa, kí ẹ sì fi wé àṣà wa. Àwa kì í rún òkèlè. Gbígbé la ń gbé òkèlè mì, ọbẹ̀ á yọ́ ọ sọ̀kalẹ̀, omi tútù á sì tẹ̀ lé e. Ohun tí a kọ́ láti kékeré gan-an ni àpò kékeré inú mi kò lè gbà mọ́.

Ní ọdún 2019, mo padà sílé fún ọdún Ọbàtálá ní agbo ilé wa. Aṣọ funfun ló wà lọ́rùn gbogbo wa. Iyán dé, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí dé. Mo bu òkèlè mẹ́ta tó kéré, mo jẹ wọ́n pẹ̀lú ẹja, mo sì dúpẹ́. Ìyá àgbà kan nínú ilé wa wò mí lójú, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti di òyìnbó ni? Ṣé oúnjẹ Bàbá ni ò ń kẹ́gàn?" Ẹ̀rín ta. Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá," mo sì tún bu iyán. Mo gbé òkèlè mì bí gbogbo ayé ṣe ń gbé e. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí nǹkan fi há mi láyà bí òkúta. Itọ́ kún ẹnu mi, mo sáré bọ́ sẹ́yìn ilé, mo sì bì sára aṣọ funfun tí mo wọ̀ wá bọ Bàbá. Nígbà tí mo padà wọlé, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ti gba gbogbo ilé kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, àlejò kan da ẹmu sínú ife fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú agbo ilé wa. Ìyá àgbà yìí kan náà ló nawọ́ gba ife náà. Ó ní, "Ọmọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu." Àlejò náà tọrọ àforíjì, ó gbé akèrèǹgbè rẹ̀ kúrò, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ náà fẹnu kàn án nítorí ọdún.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo àwa ọmọ Ìṣẹ̀ṣe la mọ ohun tí èèwọ̀ jẹ́. A kì í gbé àdín síwájú Èṣù. Ọ̀pọ̀ wa ló ní èèwọ̀ tó yàtọ̀ sí ti ará ilé rẹ̀, tí Ifá sọ fún un nígbà ìkọsẹ̀dáyé tàbí nígbà tó tẹfá. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé ibi ìnáwó, tó ní òun kì í jẹ nǹkan kan, onílé á gbé e kúrò, á sì wá òmíràn fún un. Kò sí àwùjọ tó mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹnu ẹlòmíràn tó tiwa. Kí ló wá dé tí a fi ń fi tipátipá bọ́ ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ inú fún? Èrò tèmi ni pé ọwọ́ tí a fi mú èèwọ̀ ló yẹ kí a fi mú ìlànà oúnjẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ó tó." Kí ó tó.

Èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ jàǹfààní èrò yìí. Lẹ́yìn bí ọdún méjì, ebi tó ti fi mí sílẹ̀ padà wá. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìgbà náà sì ni ara sábà máa ń fẹ́ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo ti dé kílò 79, ni mo bá tún gòkè dé 90. Kì í ṣe iyán ló fà á. Ṣiṣín-ṣín àti ìpékeré ni, tí mò ń jẹ ní ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Àpò kékeré kì í dá irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ dúró; ó máa ń yọ́ kọjá ni. Níwọ̀n ìgbà tí mo ka ìlànà mi sí ìyà tí mò ń jẹ, mò ń wá ọjọ́ tí yóò tán. Ọjọ́ tí mo sọ fún ara mi pé èèwọ̀ mi ni, mo dẹ́kun wíwá ọjọ́ náà. Èmi ọmọ Ọbàtálá kò fi ìgbà kan rí ṣọ̀fọ̀ ẹmu.

Àwọn kan á ní mò ń fi ọ̀rọ̀ dókítà wé ọ̀rọ̀ òrìṣà. Mo gbà pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Èèwọ̀ òrìṣà ní ìtàn àti májẹ̀mú lẹ́yìn. Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹmu pa Ọbàtálá lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Ìlànà dókítà lè yí padà bí ìmọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n Orí mi ló sìn mí dé orí ibùsùn iṣẹ́ abẹ, òun ló sì jí mi padà. Bí mo bá ń bọ Orí tí mo sì ń ba ara tó ń gbé e kiri jẹ́, irú ìbọ wo nìyẹn?

Àwọn mìíràn á ní ẹni tí kò jẹun tẹ́rùn kò bá wa ṣọdún. Ẹ wo ìdí òrìṣà. Bí a bá ń bọ, ṣé odindi odó iyán la ń gbé síbẹ̀? Díẹ̀díẹ̀ la ń bù nínú ohun gbogbo, a ó sì sọ pé òrìṣà ti gbà á. Bí díẹ̀ bá tó òrìṣà, òkèlè kan tó ènìyàn láti fi hàn pé ó wà pẹ̀lú wa.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó dùn mí jù. Ní ọdún kẹta, oníṣègùn ìbílẹ̀ kan sọ fún mi pé oògùn òyìnbó ló ń jẹ́ kí ó máa rẹ̀ mí, kí n pa gbogbo rẹ̀ tì, kí n máa lo àgúnmu òun. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan àtààbọ̀, n kò sì lọ gba abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú tìrìrì, mo sì ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ nínú òkùnkùn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé fítámì B12 àti èròjà irin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára mi. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì mi méjì kò mọ ohun tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ títí di òní.

N kò kẹ́gàn ewé. Ewé ń jẹ́, mo sì ń lò ó. Àmọ́ fítámì B12 kò sí nínú ewé àti egbò. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ló wà, àpòlúkù ló sì ń bá ìfun ṣe iṣẹ́ kí ara tó lè gbà á. Èmi kò ní àpòlúkù tó ń ṣe iṣẹ́ náà mọ́. Àgúnmu kò lè dípò rẹ̀. Ẹ̀yin onísẹ̀gùn wa, ẹ̀yin babaláwo, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín: kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan mu, ẹ bi í bóyá wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ inú fún un rí. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má sọ pé kí ó pa abẹ́rẹ́ àti fítámì rẹ̀ tì. Bí ó bá sì ń bì ṣáá, tí omi kò dúró nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ darí rẹ̀ sí ní kíá, nítorí pé irú èébì bẹ́ẹ̀ lè ba iṣan ara jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́únjẹ níbi ọdún, ẹ jẹ́ kí àwo kékeré wà láàárín àwọn àwo ńlá. Bí ẹnì kan bá ní ó tó, ẹ dì í fún un kó gbé e lọ sílé. Sàárà ni síbẹ̀. Ẹ má kí i pé "o mà rù o," ẹ má sì yìn ín jù. Ẹ bi í bóyá àlàáfíà ni.

Ìyá àgbà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gbọ́ àlàyé mi. Nígbà tí mo tún lọ sílé, ó gbé iyán kékeré kan wá tí kò ju ẹyin lọ, ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ó sì sọ fún àwọn tó kù pé, "Ẹ fi í sílẹ̀. Èèwọ̀ rẹ̀ ni." Mo rún un kúnná, mo sì jókòó ti ìyá títí ọdún fi parí.

Ìṣẹ̀ṣe á gbè wá o. Àṣẹ.