Aṣọ Ọmọdé, Àkísà Àgbà

Nínú òwe tó sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, aṣọ dúró fún ohun tí ojú ń rí lára ènìyàn, bí agbára, eré sísá àti ẹ̀bùn, nígbà tí àkísà dúró fún ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ènìyàn ti lo irú aṣọ bẹ́ẹ̀ gbó, èyí tí í ṣe ìrírí. Àwọn tó ń fi òwe yìí gbèjà àgbà kì í sábà kíyè sí i pé kò pàṣẹ pé kí àgbà wọ àkísà lọ sóde àríyá. Ohun tó sọ kò ju pé àkísà kò ṣeé rà lọ́jà, nítorí pé wíwọ̀ ló ń sọ aṣọ di àkísà.

Òwe náà bá àríyànjiyàn kan mu tí kì í tán láàárín àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, ìbáà ṣe ní Òṣogbo tí Osun United fi ṣe ilé tàbí ní Iléṣà, lórí bóyá ó yẹ kí ikọ̀ fi àgbà ọ̀jẹ̀, ìyẹn agbábọ́ọ̀lù tó ti pẹ́ lórí pápá, ṣe pàṣípààrọ̀ ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tí ì dán wò. Ẹni tó gba ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ti tajà láwìn, nítorí pé òní ló fún un ní ipò, ọjọ́ iwájú ló sì ń retí owó. Àwọn òṣómàáàlò Ìjẹ̀ṣà, àwọn oníṣòwò tó ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń padà lọ gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò fi ìgbà kankan ka àwìn sí ìwà òmùgọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í tà láwìn kí wọ́n má mọ ilé ajigbèsè.

Lọ́dún 2002, ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gan-an, nígbà tí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá Shaibu Amodu lẹ́yìn tí Super Eagles, ikọ̀ Nàìjíríà, ṣe ipò kẹta nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali, tí wọ́n sì fa ikọ̀ náà lé Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Mọ́dákẹ́kẹ́, lọ́wọ́. Onígbìndé fi Sunday Oliseh tó jẹ́ balógun ikọ̀ sílẹ̀, ó fi Finidi George sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ti gbá Ife Àgbáyé 1994 àti 1998. Ó sì mú Fẹ́mi Opabunmi àti Bartholomew Ogbeche, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ọmọ ọdún 17, àti Vincent Enyeama, aṣọ́lé ọmọ ọdún 19, lọ sí Ife Àgbáyé ní Japan. Kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló fa ìyípadà náà, nítorí pé aáwọ̀ ti wà láàárín àwọn kan nínú àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ àti àjọ bọ́ọ̀lù. Àkísà tó ń fa ìjà nínú ilé kì í pẹ́ tí a fi ń kó o jù síta.

Nàìjíríà pàdánù sọ́wọ́ Argentina pẹ̀lú àmì ayò 1-0. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ní Kobe, Julius Aghahowa kọ́kọ́ fi orí kan bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n Sweden, kí Henrik Larsson tó gbá méjì wọlé, ọ̀kan nínú wọn láti ojú pẹnáritì. Ó rọrùn láti sọ pé bí Oliseh bá wà láàárín pápá, ì bá ti fa ọwọ́ eré náà sẹ́yìn lẹ́yìn góòlù àkọ́kọ́, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ni àkísà wà fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní láti dáhùn ọ̀rọ̀ Enyeama. Ike Shorunmu, àgbà ọ̀jẹ̀ aṣọ́lé, ni góòlù mẹ́ta náà wọlé sí lọ́wọ́. Nígbà tí Enyeama ṣọ́lé ní Osaka lọ́jọ́ 12, England kò rí nǹkan kan gbá wọlé. (Òótọ́ ni pé Nàìjíríà ti já kúrò nínú ìdíje kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tí kò ní ohun tí yóò pàdánù sì máa ń fúyẹ́.) Opabunmi náà gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn tó kéré jù lọ lọ́jọ́ orí nínú ìtàn Ife Àgbáyé. Àpapọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí Enyeama fi ṣojú Nàìjíríà lé ní 100. Àrùn ojú ló dá Opabunmi dúró nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrú. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá, bó ti wù kó gbọ́n tó, tó lè rí ìyàtọ̀ yẹn ní Osaka.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá Stephen Keshi gba ọ̀nà mìíràn nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní South Africa lọ́dún 2013. Ó fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn lé àwọn adílémú bí Kenneth Omeruo, ọmọ ọdún 19, àti Godfrey Oboabona tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Sunshine Stars ní Àkúrẹ́ lọ́wọ́, balógun ikọ̀, Joseph Yobo, sì ń wò wọ́n láti orí bẹ́ǹṣì nígbà tí ìdíje náà gbóná. Keshi gba ipò lọ́wọ́ Yobo, ṣùgbọ́n kò lé e kúrò nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò gba oyè balógun lọ́wọ́ rẹ̀; ìyẹn gan-an ni ọ̀nà tí wọ́n fojú fò ní 2002. Nígbà tí Sunday Mba gbá góòlù kan ṣoṣo tó fi ṣẹ́gun Burkina Faso nínú àṣekágbá, Yobo wọlé ní ìparí eré, òun náà ló sì gba ife. Aṣọ́lé tó dúró lẹ́yìn Omeruo àti Oboabona lọ́jọ́ náà ni Enyeama, ẹni tó ti fi ọdún 11 lo aṣọ tí Onígbìndé kọ́kọ́ wọ̀ fún un nínú Ife Àgbáyé gbó.