Nọ́ńbà Tí Ó Lọ Ìrìn-Àjò

Odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ: báyìí ni àwọn àgbà ní Ìwó ṣe máa ń súre fún arìnrìn-àjò. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ń ti ìlú yìí lọ lóṣooṣù, tí ó ṣọ̀wọ́n kí a tún gbúròó rẹ̀. Nọ́ńbà ni. Ní ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé, òṣìṣẹ́ a máa kọ iye aboyún tí ó wá àti iye ọmọ tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára sínú ìwé ńlá. Bí oṣù bá parí, yóò ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí fọ́ọ̀mù. A ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ètò orí kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní DHIS2. Àwọn aláṣẹ ní Òṣogbo àti Àbújá yóò wá máa wo àtẹ aláràbarà tí ń fi ibi tí iṣẹ́ ti ń mẹ́hẹ hàn wọ́n.

A kò bẹnu àtẹ́ lu ètò yìí. Aláṣẹ tí kò mọ iye ọmọ tí ó ṣẹ́kù kò lè mọ iye oògùn tí yóò fi ránṣẹ́. Ìbéèrè wa ni pé, ta ni a tẹ́ àtẹ náà fún?

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí náà ni a ti dáhùn rẹ̀ rí. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ń tọpa ìdàgbàsókè àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Bí wọ́n bá wọn ọmọ tán, wọn a fi àmì ìwọ̀n rẹ̀ sí orí káàdì kan. Ọwọ́ ìyá ọmọ ni káàdì náà ń gbé. Ìyá tí kò mọ̀wé rárá lè rí i bóyá ìlà ọmọ òun ń gòkè tàbí ó dúró sójú kan. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Nígbà tí nọ́ńbà bá di ti ọ̀gá nìkan ńkọ́? Ìwádìí ilé-dé-ilé ti ọdún 2016 sí 2017 fi hàn pé ìdá 33 péré nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ní Nàìjíríà ni ó gba abẹ́rẹ́ Pẹ́ńtà ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Iye tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibùdó ìlera ga ju èyí lọ fíìfíì. Ìjọba àpapọ̀ sì dá ibùdó pàjáwìrì sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àjẹsára ní ọdún 2017 náà. Kì í ṣe irọ́ ni gbogbo rẹ̀ o. Ìkànìyàn ọdún 2006 ni a fi ń méfò iye ọmọ tí ó wà. Síbẹ̀, òṣìṣẹ́ tí ó mọ̀ pé àwọ̀ pupa lórí àtẹ lè kó bá òun, ó ṣòro kí ó má bù díẹ̀ mọ́ ọn.

Àbá wa kò ju pé kí nọ́ńbà padà wálé: kí a kọ ti oṣù tí ó kọjá sára ògiri ibùdó ìlera, ní èdè Yorùbá, kí ìgbìmọ̀ àdúgbò lè jókòó tì í. Iṣẹ́ ẹ̀ka tiwa wà níbẹ̀. Bí a bá kọ “ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún,” ìyá ọlọ́mọ yóò kọjá lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ pé, “Nínú ọmọ mẹ́wàá àdúgbò yìí, mẹ́ta kò padà wá gba abẹ́rẹ́ kẹta,” yóò dúró, yóò sì béèrè pé ọmọ ta ni.